Nọ́ńbà fóònù àtijọ́ ló di owó mi mú

Kéèyàn tó lọ gbé ní ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n á kìlọ̀ òtútù fún un, wọ́n á kìlọ̀ èdè, wọ́n á sọ ti físà títí etí á fi kún. Ẹnì kan ò kìlọ̀ bánkì fún mi. Ìgbà tí mo débẹ̀ tán ni ojú mi tó là.

Iléeṣẹ́ tó gbà mí síṣẹ́ ní àfi kí n ní àkáǹtì lórílẹ̀-èdè náà kí wọ́n tó lè san owó oṣù fún mi. Mo gba bánkì lọ. Wọ́n ní kí n mú ìwé tó fi hàn pé ibẹ̀ ni mò ń gbé wá. Mo wá ilé lọ. Onílé ní òun ò ní bá ẹni tí kò ní àkáǹtì níbẹ̀ tọwọ́ bọ̀wé. Mo padà sí bánkì, mo rò ó fún wọn bó ṣe jẹ́. Obìnrin tó wà ní kàǹtà fara balẹ̀ gbọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wá tún ohun tó ti kà fún mi tẹ́lẹ̀ kà látòkè délẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni mo fi pòòyì bí òkòtó láàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́tà kan ṣoṣo tí ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ kọ ló tú u. Wọn ì bá sì ti ní kí n mú lẹ́tà yẹn wá láti ọjọ́ kìíní!

Èyí ṣì kéré. Bánkì tí mo fi sílẹ̀ nílé, tí a ti jọ ń bá a bọ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́ mi, ló jẹ́ kí ojú mi rí màbo. Mo gbàgbé láti máa fi owó sórí síìmù mi àtijọ́. Nígbà tó pẹ́, iléeṣẹ́ fóònù gba nọ́ńbà náà, wọ́n gbé e fún ẹlòmíì. Orí nọ́ńbà yẹn sì ni bánkì ń fi kóòdù ránṣẹ́ sí nígbàkígbà tí mo bá fẹ́ wọlé sí àkáǹtì mi. Mo pè, mo kọ̀wé, mo fi àwòrán páásípọ́ọ̀tù ránṣẹ́. Ohùn wọn ò yí: kí n yọjú sí ẹ̀ka tí mo ti ṣí àkáǹtì. Mo ṣírò owó ọkọ̀ òfuurufú àlọ àtàbọ̀. Ó ju owó tó wà nínú àkáǹtì ọ̀hún lọ.

Mi ò sọ pé ìkà làwọn bánkì o. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, ẹ̀rù náà sì nídìí. Lọ́dún 2010, Amẹ́ríkà ṣe òfin tí wọ́n ń pè ní FATCA: bánkì ilẹ̀ òkèèrè tó bá ní ọmọ Amẹ́ríkà lára àwọn oníbàárà rẹ̀, kó máa ròyìn àkáǹtì wọn tí owó rẹ̀ bá ti tó iye kan. Èyí tó bá kọ̀, wọ́n á yọ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn owó kan tó ń bọ̀ wá fún un láti Amẹ́ríkà. Kí wá ni àwọn bánkì kan ní Yúróòpù ṣe? Wọ́n kúkú ní kí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà máa gba ibòmíì lọ. Ó kan àwọn tí wọ́n kàn bí síbẹ̀, tí wọ́n gbé kúrò nígbà tí wọn ò tíì mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Lẹ́yìn náà ni OECD, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ajé, gbé ìlànà CRS jáde lọ́dún 2014, pé kí bánkì máa ròyìn àkáǹtì àwọn tó ń san owó-orí nílẹ̀ òkèèrè, kí ìjọba lè fi tó orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń san án létí. Àwọn orílẹ̀-èdè tó lé ní ọgọ́rùn-ún ti tẹ́wọ́ gbà á. Ìdí nìyẹn tí fọ́ọ̀mù bánkì fi ń béèrè ibi téèyàn ti ń san owó-orí. (Ẹ má purọ́ níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́.)

Kí wọ́n wá olówó tó ń fowó pamọ́ káàkiri, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n olówó ní agbẹjọ́rò, ó ní oníṣirò owó tí á bá a kọ gbogbo fọ́ọ̀mù. Òṣìṣẹ́ tó ń fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí òbí ẹ̀ ni ilẹ̀kùn ń tì mọ́. Owó tí bánkì á fi yẹ̀ ẹ́ wò ju èrè tí wọ́n á rí lára rẹ̀ lọ, kíkọ̀ ló sì rọrùn jù.

Ẹ wo ti Brexit, ìyẹn bí Bìrìtéènì ṣe kúrò nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Lọ́dún 2020, àwọn bánkì Bìrìtéènì kan kọ̀wé sí àwọn ọmọ ìlú wọn tó ń gbé ní Yúróòpù pé àwọn máa ti àkáǹtì wọn pa, torí àṣẹ tí wọ́n fi ń ṣòwò kárí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fẹ́ parí. Oníbàárà ò ṣẹ̀, kò jẹ gbèsè, kò kúrò níbi tó wà.

Ẹni tó bá ní kò sí bí wọ́n ṣe lè ṣe é, àjọ yẹn kan náà ti ṣòfin lọ́dún 2014 pé ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé láàárín wọn lọ́nà tó bófin mu lẹ́tọ̀ọ́ sí àkáǹtì tí á fi máa gbowó, tí á fi máa sanwó, títí kan ẹni tí kò ní àdírẹ́sì kan pàtó. Èmi tí mo ní iṣẹ́, tí mo ní físà, kí ló wá dé? Ní ti kóòdù orí síìmù, láti 2017 ni NIST, àjọ tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ti ní kí wọ́n dín ìgbẹ́kẹ̀lé wọn lé e kù. Ọ̀nà mìíràn wà, áàpù wà. Bánkì ni kò fẹ́ yí padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń palẹ̀ mọ́, ẹ má fi síìmù yẹn ṣeré rárá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ara mi ò gbà á mọ́, mo pe nọ́ńbà mi àtijọ́. Bàbá kan gbé e. Mo kí wọn dáadáa, mo ṣàlàyé ara mi. Wọ́n ní àwọn ti ń rí kóòdù náà, gbájúẹ̀ ni àwọn pè é. A jọ rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá bi mí pé, ṣé kí àwọn máa kà á fún mi bó bá tún dé?

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rò ó wò ná.