Lọ́dọ̀ yín ní Èkó ló kú sí

Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Bàbá ará Sòmálíà kan wà tí a jọ ń ṣe é, ó kù díẹ̀ kí wọ́n fẹ̀yìn tì. Adeer ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá ẹni lọ́kùnrin nìyẹn lédè wọn. Lóru ọjọ́ kan, ní nǹkan bí aago mẹ́ta tí àwọn arúgbó ti sùn, wọ́n bu tíì fún mi nínú fíláàsì wọn, tíì oníwàrà tí wọ́n ti fi èròjà sè títí tó fi ń ta sánsán, wọ́n wá bi mí pé, "Àdúgbò wo gan-an ni Siad Barre gbé ní Èkó?"

Mo ní ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo ní mi ò mọ Awólọ́wọ̀. "Ààrẹ wa. Lọ́dọ̀ yín ní Èkó ló kú sí."

Fóònù ni mo sá tọ̀. Òótọ́ ni. Ọ̀gágun tó fi ìbọn gbàjọba ní Sòmálíà ní oṣù kẹwàá ọdún 1969, tó jókòó lé wọn lórí fún ọdún mọ́kànlélógún, Nàìjíríà ló sá wá lọ́dún 1992, Èkó ló sì dákẹ́ sí ní ọjọ́ kejì oṣù kìíní ọdún 1995. Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Mushin nígbà yẹn. Àbáchá wà lórí àlééfà, Abíọ́lá wà ní àhámọ́, ta ló ráyè ààrẹ ìlú onílùú? Adeer ò gbà mí gbọ́. Lójú tiwọn, ó yẹ kí gbogbo ará Èkó mọ ilé náà.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé ẹnu mi kì í gbẹ lórí ọ̀rọ̀ Nàìjíríà. "Kó kúkú tú, kí kálukú gba ilé bàbá ẹ̀ lọ." Mo ti kọ ọ́ tó ìgbà mẹ́wàá. Mi ò ní parọ́, mi ò tíì yí padà tán. Ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́rin tí mo ti ń bá àwọn ará Sòmálíà ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ náà ti ń há mi lọ́fun kó tó jáde. Ìlú tiwọn tú. Kì í ṣe ìtàn tí wọ́n kà, wọ́n wà níbẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ kíyè sí ni pé bí o bá fẹ́ mọ ohun tí ará Sòmálíà tó wà nídàálẹ̀ máa sọ nípa ilé, má wulẹ̀ bi í léèrè ẹgbẹ́ òṣèlú. Bi í pé ọdún wo ló kúrò níbẹ̀.

Eeddo ni olóúnjẹ wa, orúkọ yẹn náà sì ni bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá ẹni lóbìnrin. Ọmọ Hargeisa ní àríwá ni wọ́n, ọdún 1988 ni wọ́n kúrò. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun SNM, ẹgbẹ́ ajàjàgbara tó ń bá ìjọba jà, wọ ìlú yẹn ní ìparí oṣù karùn-ún, ohun tí ìjọba Barre fi dá wọn lóhùn ni bọ́ǹbù. Pápákọ̀ òfúrufú Hargeisa gan-an ni bàálù ogun ti ń gbéra, yóò yí po, yóò ju bọ́ǹbù sórí Hargeisa, yóò sì padà balẹ̀ síbẹ̀ láti tún kó òmíràn. Ọ̀kan nínú bàálù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbé kọ́ sórí òpó láàárín ìgboro títí dòní. Ẹsẹ̀ ni Eeddo fi rìn dé Ethiopia, pẹ̀lú àbúrò lẹ́yìn. Ẹ ò lè gbọ́ kí wọ́n pe ara wọn ní ará Sòmálíà. Somaliland ni. Wọ́n á rán ẹ létí pé ìlú méjì ni wọ́n tẹ́lẹ̀, pé èyí tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì gbòmìnira ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà ọdún 1960, ó sì dá dúró fún ọjọ́ márùn-ún kó tó lọ so pọ̀ mọ́ èyí tó wà lábẹ́ Ítálì. "Ọjọ́ márùn-ún yẹn dára," ni wọ́n máa ń sọ.

Adeer ńkọ́? Mogadishu, olú-ìlú Sòmálíà, ni wọ́n ti wá, 1991 ni wọ́n kúrò. Ẹnu wọn kì í kúrò lórí ọdún 1972, nígbà tí wọ́n fi ábídí kọ èdè Somali sílẹ̀, àti 1974 tí wọ́n kó àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì lọ sínú aginjù kí wọ́n lọ máa kọ́ àwọn darandaran níwèé. Adeer wà lára wọn. Wọ́n ní òun kọ́ bàbá kan tó ti hewú bí a ṣe ń kọ orúkọ ara ẹni sórí iyanrìn, tí bàbá náà ò sì jẹ́ kí ràkúnmí kankan gba ibẹ̀ kọjá títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìgbà Barre kan náà tó ju bọ́ǹbù lu Eeddo ni àárò rẹ̀ ń sọ Adeer. Inú kíṣìnnì kan náà ni wọ́n jọ wà. Mo ti rí i tí Eeddo fi síbí lu àwo lẹ́ẹ̀kan péré, tí Adeer sì gbé fíláàsì wọn jáde.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti gún mi lára jù ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí Barre sá kúrò ní Mogadishu ní òpin oṣù kìíní ọdún 1991. Ẹgbẹ́ ajàjàgbara mìíràn ló lé e, USC. Ìran Hawiye ni wọ́n. Ọ̀tá ti lọ, ó ku àwọn nìkan sílé. Àbí kí ló tún kù? Kò pé ọdún kan tí Ali Mahdi àti Aidid, àwọn olórí USC méjì tí wọ́n jọ jẹ́ Hawiye, fi kọjú ìbọn ńlá síra wọn lórí ta ni yóò jókòó, tí wọ́n sì pín ìlú náà sí méjì. Àdúgbò tí Adeer ń gbé ò sí níbẹ̀ mọ́. Àwa tí a máa ń sọ pé tó bá ti ku tiwa-n-tiwa, ìjà ti parí, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa.

Kí n tó máa fi tiwọn ṣe ẹ̀kọ́, ó yẹ kí n rántí pé àwa náà ti wó rí. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń tú ká ni wọ́n ń kó àwọn èèyàn wa tà dé Cuba àti Bahia. Ogun tí a fi ọwọ́ ara wa dá sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kò sì tán bọ̀rọ̀, Kírìjì nìkan gba ọdún mẹ́rìndínlógún. Ẹ sì jẹ́ ká rántí ẹni tó ra ìbọn tó ń dún kírìjì yẹn. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà l'Ékòó ni, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Sàró tó ti Sierra Leone bọ̀. Àwọn ló dá ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n ń dáwó, tí wọ́n ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sójú ogun. Ará ìdálẹ̀ ni wọ́n. Ìfẹ́ ilé ló mú wọn ṣe é, mi ò sì lè sọ pé wọn ò jàre.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Sòmálíà. Lọ́ńdọ̀nù níbí ni wọ́n ti dá SNM sílẹ̀ lọ́dún 1981. Róòmù ni wọ́n ti dá USC sílẹ̀ lọ́dún 1989. Kì í ṣe inú igbó. Bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ fún yín pé ariwo lásán ni àwọn tó wà lókè òkun ń pa, ẹ má gbà. Owó wa ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni pé a kì í sí nílé lọ́jọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ó ń ṣe rere náà o. Owó tí àwọn ọmọ Somali ń fi ránṣẹ́ sílé lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là lọ́dọọdún, láti Minneapolis, láti Toronto, láti Cardiff níbi tí àwọn atukọ̀ wọn ti wà kí wọ́n tó bí bàbá mi. Òun ni owó iléèwé, òun ni owó omi. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi gbọgbẹ́ lọ́dún 2013 nígbà tí báǹkì ńlá kan nílùú ọba ní òun fẹ́ ti àkáǹtì àwọn tó ń bá wọn fi owó ránṣẹ́. Eléré ìje nì, Mo Farah, wà lára àwọn tó ké gbàjarè. Eeddo ní òun ò rí oorun sùn lọ́sẹ̀ yẹn, torí pé ọmọ ìyá òun tó wà nílé ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, owó oṣù òun ló sì ń ra oògùn náà.

Ti òṣèlú ni kò yé mi. Wọ́n ní kí ará ìdálẹ̀ wá tún ìlú ṣe, wọ́n sì lọ lóòótọ́. Farmaajo tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Buffalo, nílùú Amẹ́ríkà, padà sílé, ó di olórí ìjọba lọ́dún 2010, ó di ààrẹ lọ́dún 2017. Adeer ní àwọn jó lọ́jọ́ yẹn, nínú yàrá ìsinmi wa níbí. Nígbà tó di 2021 tí sáà rẹ̀ pé, kò dìde. Ilé aṣòfin ní kó lo ọdún méjì sí i, àwọn ọmọ ogun bá dojú ìjà kọra wọn ní Mogadishu kí ó tó jáwọ́. Buffalo ò kọ́ ọ ní pé ó yẹ kéèyàn dìde, àbí ó kọ́ ọ, ó gbàgbé nígbà tó dé ilé? Adeer ò tíì dáhùn ìbéèrè yẹn.

Bí ẹ bá bi mí, ohun tó wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Borama, ìlú kan ní Somaliland, lọ́dún 1993. Lọ́dún yẹn kan náà, gbogbo àgbáyé wà ní Mogadishu pẹ̀lú ìbọn àti oúnjẹ. Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà náà wà níbẹ̀, àwọn kan nínú wọn sì kú síbẹ̀. Ní oṣù kẹwàá, ará Amẹ́ríkà méjìdínlógún ṣòfò nínú ìjà kan, ni wọ́n bá ń palẹ̀ mọ́. Ní Borama, àwọn àgbààgbà láti ìran oríṣiríṣi jókòó fún ohun tó lé ní oṣù mẹ́rin, wọ́n ń jẹ oúnjẹ àwọn ará ìlú, wọ́n ń sọ ẹni tó pa ta, ẹni tó máa san kí ni, ẹni tó máa kó ìbọn sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ìjọba Somaliland ti rí ẹsẹ̀ dúró. Lọ́dún 2003, wọ́n dìbò ààrẹ, wọ́n kéde pé ìbò 80 péré ni ẹni tó wọlé fi ju ẹni tó fìdí rẹmi. Ọgọ́rin! Ilé ẹjọ́ lẹni náà gbà lọ, kò gba ìgboro. Ó dúró títí di 2010, ó wọlé. Síbẹ̀, láti 1991 tí wọ́n ti ya kúrò lára Sòmálíà, ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ìlú kankan nínú àjọ àgbáyé kò fi kà wọ́n sí orílẹ̀-èdè, títí di ìparí ọdún 2025 tí Ísírẹ́lì kà wọ́n.

Inú mi dùn sí i tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń wàásù rẹ̀ kiri, títí di oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí Las Anod, ìlú kan lábẹ́ Somaliland, gbiná. Ìlú yẹn náà ni wọ́n ti pa Ààrẹ Sharmarke lọ́dún 1969, ọjọ́ mẹ́fà kí Barre tó gbàjọba. Àwọn ará ibẹ̀ ní àwọn ò bá Somaliland ṣe mọ́, Mogadishu ni àwọn ń bá lọ. Ìlú tí wọ́n fi bọ́ǹbù lé kúrò nílé wá ń yin ìbọn ńlá sí ìlú mìíràn, ó di oṣù kẹjọ kí wọ́n tó lé àwọn ọmọ ogun Somaliland kúrò níbẹ̀. Mo bi Eeddo léèrè. Ife tí wọ́n ti fọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n tún mú tí wọ́n ń fọ̀.

Eeddo ni olórí àjọ wa. Ayuuto ni wọ́n ń pè é, àjọ wa yìí náà ni, kò yàtọ̀: èèyàn mẹ́wàá, pọ́n-ún 100 lóṣù, èmi nìkan ni Yorùbá ibẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wa tó jẹ́ ọmọ Las Anod, tó ń tọ́jú aláìsàn ní ilé kejì sí tiwa. Láti oṣù kẹta kò wá mọ́, kò gbé fóònù, kò sì dáwó. Mo rò pé a ó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Eeddo ò yọ ọ́. Oṣooṣù ni wọ́n ń fi pọ́n-ún 100 mìíràn sí tiwọn láìsọ fún ẹnikẹ́ni, èmi tí mò ń bá wọn kọ ìwé nìkan ló rí i.

Nígbà tó kan ọmọbìnrin náà ní oṣù kọkànlá, wọ́n kó owó náà sínú àpòòwé, wọ́n ní kí n bá wọn gbé e lọ, torí pé èmi kì í ṣe ara wọn. Ó ṣílẹ̀kùn, ó ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì lórí ìdúró. Ó ní òun ò dá tó bẹ́ẹ̀. Mo ní iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mo jẹ́. Ó wo àpòòwé náà títí, ó wá béèrè pé, "Orúnkún Eeddo ńkọ́, ṣé ó ti sàn?"