Ọjà ti so Ẹ̀gùn àti Yorùbá pọ̀ kí 1861 tó dé

Ẹni kan kọ ọ́ pé òyìnbó tó gba Èkó ní 1861 ló kọ́kọ́ so àwa àti Ẹ̀gùn pọ̀, pé ilé-ìwé ìjọba ló kọ́ àwọn Ẹ̀gùn ará Màkókò, àdúgbò apẹja ní Èkó, ní Yorùbá. Ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sà ló so wá pọ̀. Láti Èkó, ọkọ̀ ojú omi ń gba Àgbádárìgì lọ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ọjà sì wà lójú ọ̀nà. Yorùbá àti Ẹ̀gùn ti ń bára wọn dòwò níbẹ̀ kí Richard Lander, òyìnbó arìnrìn-àjò nì, àti àbúrò rẹ̀ tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1830. (Ẹrú wà nínú ọjà ọ̀hún, ká má purọ́.) Nígbà tí wọ́n lé Ọba Akítóyè ti Èkó kúrò lórí oyè ní 1845, Àgbádárìgì náà ló padà forí lé.

Ẹ tún dé ọjà ẹja Aséjéré ní Màkókò. Ìyàwó apẹja yan ẹja, alájàpá Yorùbá fẹ́ rà á. Yorùbá ni wọ́n fi ń ná an. Bí owó bá kù díẹ̀ káàtó, oníẹja á yíjú sí ẹnìkejì rẹ̀, wọn á fi Ẹ̀gùn gbìmọ̀. Ẹ má rò pé oníbàárà ò gbọ́ o! Àwọn mìíràn gbọ́ ọ dáadáa, wọ́n kàn ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ni. Àti pé ẹni tó ń tajà láwìn, báwo ló ṣe máa sin gbèsè rẹ̀ tí kò bá gbọ́ èdè ajigbèsè?

Ilé-ìwé ṣe tirẹ̀, n ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ yọ 1861 yẹn kúrò níbẹ̀.