Ọjà Òjé Tí Màmá Mi Kò Lọ

Láti alẹ́ Sátidé ni ọ̀rọ̀ tí àbúrò bàbá mi sọ fún mi lórí fóònù ti ń dùn mí. Mo ti fi orí méjì àkọ́kọ́ nínú ìwé tí mò ń kọ nípa ìgbà èwe mi ránṣẹ́ sí wọn, nítorí pé àwọn ló dàgbà jù nínú àwọn tó kù ní ilé wa, mo sì rò pé ó yẹ kí wọ́n rí i kí ará ìta tó rí i. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọn kò fi fèsì. Nígbà tí wọ́n wá pè mí, wọn kò dáhùn ìkíni mi, wọn kò béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ, ohun tó kọ́kọ́ ti ẹnu wọn jáde ni pé, "Ta ló rán ọ níṣẹ́? Òkú tí a ti sin tipẹ́tipẹ́, kí lo tún fẹ́ hú u jáde fún?" Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú, mo ní kì í ṣe pé mo fẹ́ tú àṣírí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní àṣà òyìnbó ni kí ènìyàn jókòó kí ó máa kó ẹkún ilé bàbá rẹ̀ sínú ìwé kí ọlọ́jà lè rí i rà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ níbí láti ọjọ́ pípẹ́ mọ̀ pé ọdún 1991 ni màmá mi kú, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún 9, tí àbúrò mi ọkùnrin sì jẹ́ ọmọ ọdún 4. Ohun tí n kò tíì sọ rí ni ọ̀nà tí wọ́n gbà sọ ọ́ fún wa, nítorí pé wọn kò sọ ọ́ fún wa rárá.

Ní Ìsẹ́yìn ni a dàgbà sí. Bàbá mi ń hun òfì, màmá mi sì ń gba aṣọ lọ́wọ́ àwọn ahunṣọ, wọ́n ń kó o lọ tà ní ọjà Òjé ní Ìbàdàn, ọjà aṣọ òkè tí wọ́n máa ń ná ní ìtàdógún. Ní ìrọ̀lẹ́ tó bá ṣáájú ọjà, màmá mi á tẹ́ gbogbo aṣọ sílẹ̀ ní yàrá, wọ́n á to ẹtù sí ọ̀tọ̀, wọ́n á to sányán sí ọ̀tọ̀, wọ́n á to àwọn tí wọ́n fi òwú dídán hun fún ayẹyẹ sí ọ̀tọ̀, wọ́n á wá fi aṣọ funfun kan dì wọ́n ní ẹrù. Èmi ni mo máa ń fi ìka kan tẹ ìdí kókó náà mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó fà á le. Iṣẹ́ mi nìyẹn, n kì í sì í jẹ́ kí ẹlòmíràn bá mi ṣe é. Kí ìrun Àsùbáà tó wọlé ni wọ́n á ti jáde nílé, a ó sì máa retí wọn pẹ̀lú búrẹ́dì Ìbàdàn ní alẹ́ ọjọ́ kejì.

Oyún ló wà nínú wọn lọ́dún náà. Lóru ọjọ́ kan ni ara wọn yí padà, wọ́n gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn nígbà tí èmi àti àbúrò mi ń sùn, wọn kò sì bọ̀. Mùsùlùmí ni wá, a kì í fi òkú pamọ́, nítorí náà kí òòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ kejì ni wọ́n ti sin wọ́n, ṣùgbọ́n ilé aládùúgbò kan ni wọ́n kó àwa méjèèjì lọ láti àárọ̀, a jẹ ìrẹsì níbẹ̀, a ṣeré títí ó fi rẹ̀ wá. Nígbà tí wọ́n mú wa padà wálé, ènìyàn kún ilé. Mo béèrè màmá mi. Àbúrò bàbá mi yìí kan náà ló gbé mi lé ẹsẹ̀ wọn, tí wọ́n sọ fún mi pé, "Màmá yín ti rìnrìn àjò. Wọ́n lọ sí Òjé, ọjà náà á pẹ́ díẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí."

Ní ọjọ́ kẹjọ, àwọn àlùfáà wá ṣe àdúà, wọ́n sì pín àkàrà fún gbogbo ènìyàn. Àwa náà jẹ níbẹ̀. A jẹ àkàrà sàráà màmá wa láì mọ̀, àbúrò mi tilẹ̀ ní kí wọ́n fún òun sí i, obìnrin tó ń pín in sì bú sẹ́kún, ó sá wọ ẹ̀yìnkùlé. Mo rò pé epo gbígbóná ló ta sí i lọ́wọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi èédú fa ìlà sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá wa. Bí ó bá ti pé 17, mo mọ̀ pé ọjọ́ Òjé ti pé, pé ẹni tó lọ ọjà yẹ kí ó máa bọ̀. Ìtàdógún kan lọ, èkejì lọ. Nínú ẹ̀kẹta ni ìyá bàbá mi rán mi lọ mú àtẹ kan wá lábẹ́ ibùsùn wọn, mo na ọwọ́ sí abẹ́ ibẹ̀, ọwọ́ mi sì kan ẹrù. Mo fà á síta díẹ̀. Aṣọ funfun náà ni, kókó orí rẹ̀ ṣì wà bí a ṣe ta á, bí èmi àti màmá mi ṣe jọ ta á. Ọmọ oníṣòwò ni mí, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún mi pé ènìyàn lè lọ sí Òjé kí ó má gbé ẹrù lọ. Mo ti ẹrù náà padà síbi tó wà, mo mú àtẹ jáde, n kò sì sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan á sọ pé ọmọdé kò mọ nǹkan, pé ó máa ń tètè gbàgbé. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì di ọmọ ọdún 9 rí. Nígbà tí mo sọ èyí fún àbúrò bàbá mi ní Sátidé, wọ́n dá mi lóhùn pé àwọn kò parọ́ fún wa. "Ìrìn àjò kọ́ ló lọ? Kí ni àwọn àgbà ń pè é?" Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá ṣe ń bo ikú mọ́lẹ̀ nínú ọ̀rọ̀. A kì í sọ pé ọba kú, a ó ní ọba wàjà, a ó sì ní àgbàlagbà re ibi àgbà ń rè. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó ń sọ ọ́ àti àgbàlagbà tó ń gbọ́ ọ jọ mọ ohun tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà ni. Ọmọ tó mọ iye owó ọkọ̀ láti Ìsẹ́yìn dé Ìbàdàn kò mọ ìrìn àjò méjì. Èyí tó ní àbọ̀ nìkan ni ó mọ̀.

Ti pé ó jẹ́ àṣà òyìnbó ni n kò lè gbà rárá. Òṣoògùn tí wọ́n ti bí Àjàyí Crowther kò jìnnà sí wa ní Ìsẹ́yìn. Ọmọdé ni nígbà tí ogun kó ìlú náà ní ọdún 1821, ní ọdún 1837, nígbà tó wà ní Fourah Bay ní Sàró, ó jókòó, ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà kan. Ó kọ ọ́ pé Ìsẹ́yìn tiwa yìí ni wọ́n ti fi òun gba ẹṣin, pé ó tó ìgbà kan tí òun gbèrò lóru láti pa ara òun. Ó kọ bí ó ṣe rí bàbá rẹ̀ kẹ́yìn, nígbà tí ọkùnrin náà sáré ti ojú ogun wọlé láti sọ fún wọn pé kí wọ́n sá, àfi bí ẹni pé kò lè pa á mọ́ra, ó tún fi kún un pé ilé tí bàbá òun wọ̀ náà ti jóná tẹ́lẹ̀ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí ọmọ kan tí bàbá òun gbà tọ́ ṣẹ̀. Ṣé ẹ rí i, àṣírí ilé gan-an nìyẹn. Kò yọ ọ́ kúrò. Ó dágbére fún bàbá rẹ̀ sínú lẹ́tà náà gan-an, nítorí pé kò rí ààyè dágbére fún un lójúkojú. Ọdún kẹsàn-án lẹ́yìn tó kọ ọ́, ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, ni òun àti Àfàlà ìyá rẹ̀ tún fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn bí ọdún 25. Mo ti ka ibi tí wọ́n ti pàdé náà ní àìmọye ìgbà, n kì í sì í lè kà á tán lẹ́ẹ̀kan.

Wọlé Ṣóyínká náà kọ nípa Fọláṣadé àbúrò rẹ̀, ọmọ tó kú ní ọjọ́ tó pé ọdún kan géérégé, sínú ìwé Aké, Akínwùmí Ìṣọ̀lá sì ti sọ ìwé náà di Yorùbá fún gbogbo wa. N kò gbọ́ pé ilé wó.

Ohun tó tilẹ̀ yà mí lẹ́nu jù ni pé nígbà tí ìyàwó àbúrò mi bí àkọ́bí wọn obìnrin, àbúrò bàbá mi yìí ló kọ́kọ́ pè é ní Yétúndé níwájú gbogbo ẹbí. A kì í sọ ọmọ ní Yétúndé bí kò bá sí ìyá kan tó ti lọ. Ọdọọdún ni wọ́n ń kígbe ikú màmá mi mọ́ ọmọ náà lórí, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń fún un lówó, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ kí n kọ ọ́ sórí ìwé.

Kì í ṣe ìwé ló kọ́kọ́ tù mí nínú, mo gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ni. Ní ọdún 2014, mo lọ kí wọn, a jọ jókòó, a ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, mo sì béèrè ohun tí n kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Láti ìgbà tí a kírun Alaasari tán títí wọ́n fi pe Iṣai ni wọ́n fi sọ ọ́ fún mi. Àwọn ló tẹ̀ lé màmá mi lóru ọjọ́ náà. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe fẹ́ gbé wọn jáde, màmá mi ní kí wọ́n dúró, wọ́n wọ yàrá wa, wọ́n fa aṣọ bò wá, wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni má jí wa, pé àwọn á ti dé kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọdún 23 ni mo fi gbà pé oorun mi ló fà á tí màmá mi kò fi dágbére fún mi. Ọdún 23 ni mo fi máa ń jí lóru láti wo ẹnu ọ̀nà. Mo sunkún lórí ẹ̀gúsí lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n màmá mi kò sì ní kí n dákẹ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sùn di àárọ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ ọ́. Ọmọ kan wà níbì kan lónìí tí wọ́n ń sọ fún un pé màmá rẹ̀ rìnrìn àjò, tó ń fa ìlà sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo fẹ́ kí ẹni tó fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún un ka ìwé mi kí ó tó la ẹnu.

Ibi tí èrò mi dúró sí nìyí títí di àná. Mo fi orí méjì náà ránṣẹ́ sí àbúrò mi ní Ìlọrin, pẹ̀lú ìdánilójú pé yóò gbè mí lẹ́yìn. Kò bínú. Ó ní òun kò rántí ojú màmá wa, òun kò rántí ohùn wọn. Ohun kan ṣoṣo tí òun ní ni àwọn ìrọ̀lẹ́ tí òun máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà, tí òun ń wo àwọn ọkọ̀ tó ń ti Ìbàdàn bọ̀, tí ọkàn òun sì balẹ̀ pé màmá òun wà nínú ọ̀kan nínú wọn. Ó ní ìgbà yẹn nìkan ni òun mọ̀ pé òun ní ìyá. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ máa ń sọ fún mi pé ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀. Nígbà tí ẹ rí ẹrù yẹn lábẹ́ ibùsùn, ṣé mo ṣì ń jókòó níbẹ̀?"

N kò tíì dá a lóhùn, n kò sì tíì kọ orí kẹta. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣì ń jókòó níbẹ̀. Ó tó oṣù mẹ́rin sí i kí ó tó dìde kúrò níbẹ̀, èmi ni mo sì máa ń gbé oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ lọ bá a.