Ọjọ́ A Bá Kú Là Á Dère

“Ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè.” Ohun tí àwọn àgbà ń fi òwe yìí sọ ni pé nígbà tí ẹ̀mí wà lára ènìyàn, àbùkù rẹ̀ ni ojú wa máa ń tètè rí, ṣùgbọ́n bí ó bá ti papò dà tán, a ó sọ ọ́ di ère tí a gbẹ́ tí ó ń dán, tí kò ní àléébù kankan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi òwe náà gba alààyè níyànjú pé kí ó yin ẹnìkejì rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Òótọ́ ni wọ́n wí. Síbẹ̀, láti ìgbà tí ọ̀rẹ́ mi, Àlájà, tí a jọ pín ògiri fún ọdún 19, ti lọ, mo ti rí i pé àwa tí a ń ṣe ìrántí òkú ni òwe náà ń bá wí jù.

Nílùú Ọ̀wọ̀ láyé àtijọ́, bí ẹni pàtàkì bá kú, wọ́n a máa ṣe àkó fún un, ìyẹn ère onígi tí ó tó ènìyàn ní ìdúró, tí wọ́n ń wọ aṣọ iyì fún, tí wọ́n sì ń gbé yí ìlú ká. Agbẹ́gilére a sa gbogbo ipá rẹ̀ kí ojú ère náà lè jọ ojú olóògbé. Ìsapá yẹn ló wù mí, nítorí bí kò bá jọ ọ́, ta ni wọ́n wá ń yẹ́ sí?

Níbi fídáù ọjọ́ kẹjọ Àlájà, gbogbo ẹni tó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn ló ń sọ pé kò bínú rí, pé kò bá ẹnikẹ́ni ṣe gbólóhùn asọ̀ rí. Mo jókòó lábẹ́ kánópì, mo dorí kodò, nítorí n kò mọ obìnrin tí wọ́n ń ròyìn rẹ̀ yẹn. Àlájà tèmi a máa bínú! Oṣù 3 gbáko ni kò fi kí mi, nítorí gọ́tà àárín ilé wa méjèèjì, tí mo jẹ́ kí àwọn ọmọ mi da pàǹtí sí títí omi òjò fi ya wọ ilé ìdáná rẹ̀. Bí a bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà, a gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìjà yìí kò tíì parí nígbà tí Iléyá dé. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé àwo tánganran kan tí etí rẹ̀ ti hó wọlé tọ̀ mí wá, itan àgbò kan odidi ló wà nínú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Màámi ní kí n sọ fún yín pé inú àwọn ò tíì yọ́ o, ṣùgbọ́n ẹran ò bá ẹnikẹ́ni jà.”

Bí a bá yọ ìbínú kúrò nínú ìtàn yìí, ẹran lásán ló kù. N kò sọ pé kí a máa tú àṣírí òkú o. Ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ fi pamọ́ sí ọ lọ́wọ́, jẹ́ kí ó wà níbẹ̀. Àmọ́ bí ó ṣe ń bínú, bí ó ṣe ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, bí ó ṣe ń pe orúkọ rẹ láti òdìkejì ògiri láìro ti ẹni tó ń sùn, má ṣe fá ìwọ̀nyí dànù. Sọ wọ́n fún àwọn ọmọ rẹ̀, nítorí àwọn mìíràn yóò ti fi ìyìn bo ìyá wọn mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó dàgbà.

Àwo tánganran yẹn wà lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ tí ó kú. Ìyá tó bí mi kọ́ wa pé a kì í dá àwo padà lófìfo, nítorí náà mo dín àkàrà ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo kó o sínú rẹ̀, mo sì gbé e lọ fún ọmọ náà. Ó gbà á, ó fi ìka ra ibi tí etí àwo náà ti hó, ó sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

“Ẹ ṣeun, mà,” ó ní. “Gọ́tà wa ńkọ́?”

“Mo ti gbá a láàárọ̀ yìí.”