Amí Tí Àṣírí Ń Jábọ́ Lọ́wọ́ Rẹ̀

Apá òsì ni mo rán sí ọ̀tún, mo wá rán tọ̀tún sí òsì. Taille-basse, aṣọ obìnrin, tí oníbàárà mi fẹ́ wọ̀ lọ síbi ìkómọ lọ́jọ́ kejì ni o! Rowan Atkinson ló fà á, ọkùnrin tí ọmọdé àtàgbà mọ̀ sí Mr. Bean. Òun ló ṣe amí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nínú Johnny English, fíìmù ọdún 2003. N ò lè ka iye ìgbà tí mo ti wò ó mọ́, síbẹ̀ bí wọ́n bá ti tàn án ní ṣọ́ọ̀bù, ojú mi kì í sí lórí abẹ́rẹ́ mọ́. Mo tú apá méjèèjì lóru, mo tún un rán, mo sì ń dá rẹ́rìn-ín bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé.

Àbúrò ọkọ mi bá mi nídìí ẹ̀rín náà. Ó ní, "Ìyàwó, fíìmù ọmọdé lo tún ń wò yìí." Mo ní, "Ọkọ mi, ẹ jókòó." Kò jókòó. Tirẹ̀, amí tí kì í rẹ́rìn-ín ló fẹ́ràn, èyí tó wọ kóòtù dúdú, tó ń fò látorí òrùlé dé òrùlé tí eruku ò kan bàtà rẹ̀. Mo fún un lésì díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì kù nínú mi. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ síbí.

Irú amí bẹ́ẹ̀, ibo ló máa gbà wọ Kétu, ìlú wa ní Benin? Kó sọ̀ kalẹ̀ lórí zémidjan, ọ̀kadà wa, lẹ́bàá Akaba Idena, ẹnubodè àtijọ́ ìlú, kó tó gba ṣẹ́ǹjì tán, ìyá alákàrà á ti kí i: "Ẹ kú àbọ̀ o. Ilé ta lẹ ń lọ?" Bó bá ní òun kàn ń kọjá ni, wọ́n á bi í pé níbo ló ń kọjá lọ, ta ló ń retí rẹ̀ níbẹ̀, ṣé kì í ṣe òun ló wá ra àgbàdo lọ́dún èṣí. Kó tó dé ìyànà kejì, ó ti di ọ̀rọ̀ abẹ́ igi. Amí tó wọ ìlú tí ẹnikẹ́ni ò bi í léèrè bàbá rẹ̀, irọ́ ni lójú mi. Èyí tó ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ni mo gbà gbọ́.

Mo mọ̀ pé amí gidi kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín nílùú wa. Àwọn ọba Dahomey ní àwọn tí wọ́n ń pè ní agbadjigbeto, tí wọ́n máa ń bọ́ sáàárín ìlú bí oníṣòwò, kí wọ́n lè yọ́ ọ wò kí ogun tó dé. Ní 1886 ni ogun Glèlè, ọba Dahomey, fọ́ Kétu. Bóyá ìyẹn ló ṣe ń dùn mọ́ mi tí mo bá rí amí tó ń kọsẹ̀.

Ìyá mi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò gbọ́ Faransé, Faransé sì ni wọ́n ń sọ nínú àwọn fíìmù tó ń dé ọ̀dọ̀ wa lórí clé, ìyẹn fúláàṣì. Ọmọ iṣẹ́ mi kan ló máa ń túmọ̀ fún un, ó sì máa ń fi tirẹ̀ kún un. Nígbà tó kan ibi tí Johnny English ti rí ọkọ̀ òkú, tó rò pé ti àwọn olè tóun ń lé ni, tó lọ da ìsìnkú olókùú rú, tó ń fi àwọn tó ń sunkún ṣe yẹ̀yẹ́ pé eré ni wọ́n ń ṣe, ọmọ iṣẹ́ mi ò ráyè túmọ̀ ohunkóhun. Ìyá mi ti káwọ́ lérí. "Yéè! Òkú olókùú! Ta ló bí èyí?" Ìgbà náà ni Bough, igbákejì amí náà, sáré dé, tó ṣe bí ẹni pé wèrè tó sá kúrò nílé ìwòsàn ni ọ̀gá òun, tó sì mú un lọ. Ìyá mi mí kanlẹ̀. "Ọmọ yẹn gan-an ló yẹ kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún."

Èyí tí mo fẹ́ràn jù, ti àwọn Faransé ni: OSS 117: Le Caire, nid d'espions, tí Michel Hazanavicius ṣe ní 2006, tí Jean Dujardin ṣe amí inú rẹ̀. Láti 1949 ni Jean Bruce ti ń kọ ìwé OSS 117, ọdún mẹ́rin kí ìwé James Bond àkọ́kọ́ tó jáde, kò sì fi ṣàwàdà. Hazanavicius ló sọ ọ́ dẹlẹ́yà. Íjíbítì ni wọ́n rán amí náà lọ, ní 1955. Ládáànì ń pe ìrun, ọ̀gbẹ́ni yìí fẹ́ sùn. Ó dìde, ó gun ilé gogoro mọ́sálásí lọ, ó lọ fi tipátipá pa á lẹ́nu mọ́. Alhaji kan tó wá wọn aṣọ ọdún kọ́kọ́ lejú. Nígbà tó rí i pé amí náà ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ló bá kú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tó ń sin adìẹ, ibi ilé adìẹ ló dì mú ní tirẹ̀: amí tan iná, adìẹ pariwo, ó pa iná, wọ́n dákẹ́, ó tún tàn án, ó tún pa iná, bí ọmọ ọdún mẹ́ta. "Òótọ́ ni o, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe."

Tèmi ni ti fọ́tò. Ọmọ Íjíbítì kan ṣiṣẹ́ fún amí náà, amí bọwọ́ sápò, ó fún un ní fọ́tò René Coty, ààrẹ Faransé. Fọ́tò! Coty yìí kan náà ló wà lórí àwa náà lọ́dún yẹn, nígbà tí Faransé ṣì ń ṣàkóso wa, tí àwọn bàbá wa àgbà ń san owó orí. Ẹ̀rín tí mo rín níbẹ̀, ó ní nǹkan nínú. Ọkùnrin tó dá lójú pé òun wá là wá lójú, tí tirẹ̀ gan-an sì dí, a mọ̀ ọ́n dáadáa níbí. Ó wá jẹ́ pé ọmọ wọn ló fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀, kì í ṣe àwa.

Ẹni tó dàgbà ní Kétu sì ti mọ adùn yìí kó tó rí tẹlifíṣọ̀n. Lálẹ́ Ẹ̀fẹ̀, ẹni tó bora látòkè délẹ̀ ló ń tú àṣírí ìlú síta. Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin onígèlè, ọlọ́mú igi, ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láàárín ọjà. Gbogbo wa mọ ẹsẹ̀ ẹni tó ń jó yẹn, kò sì sẹ́ni tó máa pe orúkọ rẹ̀. Amí tó lẹ irùngbọ̀n mọ́ àgbọ̀n, tí gbogbo èèyàn ti dá a mọ̀, ṣé tuntun ni lójú wa?

Àwọn fíìmù amí ẹlẹ́rìn-ín yìí náà ní àbùkù tiwọn o. True Lies, tí James Cameron ṣe ní 1994 látinú fíìmù Faransé kan, La Totale! ti 1991, bẹ̀rẹ̀ dáadáa: ọkùnrin fi iṣẹ́ amí pamọ́ fún ìyàwó rẹ̀ lọ́dún gbọọrọ. (Ìyàwó wo? Èmi mọ iye tí ọkọ mi fi ra epo kpayo, bẹntiróò fàyàwọ́, lánàá.) Nígbà tó yá, bọ́ǹbù gba gbogbo rẹ̀. Bí bọ́ǹbù bá ti ń dún ju ẹ̀rín lọ, máṣíìnì mi ni mò ń padà sí.

Oníbàárà mi wá gba aṣọ láàárọ̀. Ó wọ̀ ọ́ wò, ó na apá, ó ní ó bá òun mu gan-an. Mo rọra dákẹ́. Kò tíì sanwó tán tí ọmọ iṣẹ́ mi fi rò gbogbo rẹ̀ fún un, látorí apá òsì dórí Mr. Bean. Ó ní ká fi fíìmù náà sórí clé fún òun.