Ohun tí mo rí nínú The Wire tí mi ò rí nínú eré ọlọ́pàá mìíì

Alẹ́ àná lèmi àtìyàwó mi parí apá kẹrin The Wire, ẹ̀ẹ̀kẹta tèmi rèé, ẹ̀ẹ̀kìíní tiẹ̀, aago méjì òru ti kọjá, iná ti lọ tipẹ́, bátìrì láptọ́ọ̀pù ti fẹ́ tán, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó dìde lọ sùn nínú àwa méjèèjì. Nígbà tó yá ló bi mí pé ṣé bí wọ́n ṣe máa fi ọmọ yẹn sílẹ̀ náà nìyẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láàárọ̀ yìí bọ̀dá mi àgbà pè mí, mo ní mi ò sùn dáadáa, mo sọ ìdí ẹ̀ fún wọn, ni wọ́n bá ní kí gan-an lò ń rí nínú eré tí ọlọ́pàá inú ẹ̀ bàjẹ́, ọ̀daràn inú ẹ̀ bàjẹ́, olóṣèlú inú ẹ̀ bàjẹ́, wọ́n ní ní tàwọn o, eré táwọn bá wò tán kára tu àwọn làwọn fẹ́. Mi ò bá wọn jiyàn lórí fóònù, ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi látàárọ̀, mo wá ní kí n kọ ọ́ síbí.

Eré ọlọ́pàá tí bọ̀dá mi fẹ́ràn yẹn, èmi náà wò ó dàgbà. Wọ́n á ti pa ẹnì kan kó tó di pé a jókòó dáadáa, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ á dé, á wolẹ̀ wòkè, á rí irun kan lórí kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n á gbé irun lọ sí láàbù, kó tó pé wákàtí kan wọ́n ti mú ẹni tó ṣe é, ó ti jẹ́wọ́, ó parí. Ó dùn-ún wò, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bi mí lọ́jọ́ kejì pé ta ni wọ́n pa, mi ò rántí. Òkú yẹn kàn wà níbẹ̀ kí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lè ríṣẹ́ ṣe ni.

The Wire ò rí bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n HBO ló gbé e jáde, ó bẹ̀rẹ̀ ní 2002 ó parí ní 2008, apá márùn-ún, ẹ̀písóòdù 60, ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ ọ̀hún dá lé. David Simon tó dá a sílẹ̀ ti ṣe akọ̀ròyìn fọ́dún púpọ̀ níléeṣẹ́ ìwé ìròyìn Baltimore Sun, Ed Burns tí wọ́n jọ ṣe é ti ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nílùú yẹn gan-an kó tó lọ di tíṣà, ìyẹn làwọn méjèèjì ṣe mọ bí iṣẹ́ yẹn ṣe ń rí lójoojúmọ́. Ní apá kìíní, ọlọ́pàá á jókòó sídìí wáyà, wọ́n ń gbọ́ ohun táwọn ọmọ tó ń ta hẹ́róìnì ń sọ lórí fóònù ìta, àwọn ọmọ yẹn ò dẹ̀ gọ̀ rárá, péjà, ẹ̀rọ kékeré tó máa ń gba nọ́ńbà wọlé, ni wọ́n fi ń pera wọn, wọ́n dẹ̀ ń fi kóòdù yí nọ́ńbà padà, tó bá wá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọmọge lẹni yẹn ń sọ, òfin ní kí ọlọ́pàá má gbọ́ ọ, ẹlòmíì á tún wà lórí òrùlé tó ń wo ẹni tó di fóònù yẹn mú gan-an. Ó máa ń fà. Mo mọ àwọn tó sá ní ẹ̀písóòdù kejì, ó dùn mí fún wọn.

Ohun tó kọ́kọ́ mú mi níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ nọ́ńbà. Àwọn ọ̀gá pátápátá á pe àwọn ọ̀gá àdúgbò jọ, wọ́n á bi wọ́n pé ìwà ọ̀daràn ti dínkù tó báwo lọ́dọ̀ yín, ẹni tí nọ́ńbà ẹ̀ ò bá dáa wọ́n á yẹ̀yẹ́ ẹ̀ níṣojú ẹgbẹ́ ẹ̀. Kí wá làwọn yẹn ń ṣe? Wọ́n ń tún un kọ. Ẹni tí wọ́n fẹ́ẹ̀ lù pa, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìjà kékeré. Ní apá kẹrin ni Lester Freamon, àgbà ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí orí ẹ̀ pé, wá fura pé inú àwọn ilé ahoro tí wọ́n fi pákó kàn pa làwọn ọmọ Marlo, ọ̀gá kan nídìí oògùn olóró, ń kó òkú sí, ó ní kí wọ́n jẹ́ káwọn ṣí àwọn ilé náà, sájẹ́ǹtì ẹ̀ ní ó tì o, ọdún ti ń parí lọ, gbogbo òkú tẹ́ ẹ bá gbé jáde kéèsì tí a ò tíì yanjú ni wọ́n máa kà á sí fún wa. Òkú tó ju 20 lọ! Ọmọ ọlọ́mọ! Sájẹ́ǹtì yìí kì í ṣe èèyàn burúkú o, òun ló máa ń pa gbogbo wọn lẹ́rìn-ín, òun náà ló dúró sọ̀rọ̀ tó wọni lára nígbà tí ọ̀kan nínú wọn kú. Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà ni ò jẹ́ kó lójú àánú lọ́jọ́ yẹn. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé nínú eré yìí, kò dìgbà tẹ́nì kan bá jí láàárọ̀ tó pinnu láti ṣìkà, kó sáà ti ṣe ìdajì iṣẹ́ ẹ̀ kó fi ìdajì sílẹ̀, ẹlòmíì ló máa kú sí i.

Bọ̀dá mi ní irú eré yìí ń jẹ́ kéèyàn fẹ́ràn ọ̀daràn. Òótọ́ ni, mo fẹ́ràn Stringer Bell. Idris Elba ló ṣe é, ọmọ tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù, bàbá ẹ̀ ará Sierra Leone, màmá ẹ̀ ará Gáànà, tẹ́ ẹ bá gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ẹ máa búra pé Baltimore ni wọ́n bí i sí. Ó ń ta oògùn olóró, ó dẹ̀ tún ń lọ sí kíláàsì, ó fẹ́ mọ bí ọjà ṣe ń lọ sókè sódò, èèyàn á máa wò ó, á máa rò ó pé tó bá jẹ́ ibòmíì ni wọ́n bí ọkùnrin yìí sí ńkọ́. Stringer yẹn kan náà ló ní kí wọ́n lọ pa Wallace. Ọmọ ọdún 16 ni Wallace. Inú ilé ahoro ló ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké tí kò lẹ́ni, wáyà ni wọ́n fà wọlé láti ìta kí wọ́n lè ríná, òun ló ń jí wọn láàárọ̀, òun ló ń pín júùsì àti ṣíípìsì fún wọn kí wọ́n tó lọ sílé ìwé. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ méjì tí wọ́n jọ ń ta ọjà lójúde ni wọ́n rán sí i, ọwọ́ èyí tó mú ìbọn ń gbọ̀n. Ẹ sọ fún mi, ta ló máa wo ibẹ̀ yẹn tán táá ní òun fẹ́ ṣe iṣẹ́ yẹn? Èmi ò tíì rí ìwàásù kankan lórí oògùn olóró tó dà bíi ti yàrá yẹn.

Èmi àtìyàwó mi ò tíì parí àríyànjiyàn lórí Colvin. Ọ̀gá ọlọ́pàá àdúgbò ni, ó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, ó wá dá a rò pé dípò ká máa lé àwọn ọmọ yìí láti kọ́nà sí kọ́nà, ká ya ibì kan sọ́tọ̀ fún wọn kí wọ́n máa tà á níbẹ̀, ọlọ́pàá ò ní mú wọn. Kò sọ fún ọ̀gá kankan. Àwọn àdúgbò tó kù sì rọ̀ lóòótọ́, ìyá àgbà tó ti ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀ wá lè jókòó síta. Ṣùgbọ́n ibi tó yà sọ́tọ̀ yẹn, ẹ wọ ibẹ̀ lóru kẹ́ ẹ rí bọ́mọ èèyàn ṣe ń kú díẹ̀díẹ̀. Ìyàwó mi ní ó ṣe dáadáa. Èmi ní ó kàn kó ìyà gbogbo ìlú jọ síbì kan ni. Nígbà tí àṣírí tú, wọ́n rẹ̀ ẹ́ nípò sílẹ̀ kó tó lọ, owó ìfẹ̀yìntì ẹ̀ náà dẹ̀ wálẹ̀.

The Shield náà wà, 2002 lòun náà bẹ̀rẹ̀, ti Los Angeles, látara ọ̀rọ̀ ìwà ìbàjẹ́ àwọn ọlọ́pàá ẹ̀ka Rampart tó tú síta níbẹ̀ ni wọ́n ti rí i fà yọ. Ìyẹn le jù fún mi. Ẹ̀písóòdù àkọ́kọ́ ni Vic Mackey, ọlọ́pàá tí eré náà dá lé, ti yìnbọn pa ọlọ́pàá ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tó fẹ́ tú àṣírí ẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá fi apá méje jẹ́ kẹ́ ẹ máa gbàdúrà pé kí wọ́n má rí i mú, torí ó máa ń gba àwọn ọmọdé là, ó fẹ́ràn àwọn ọmọ ẹ̀. Mo rí ọgbọ́n inú ẹ̀, mi ò dẹ̀ gbàgbé bó ṣe parí, àmọ́ The Wire lèmi ń padà sí.

Torí Randy ni. Ọmọ iléèwé ni Randy, ó ń ta swíìtì fáwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, ó mọ ìṣirò owó bí àgbàlagbà, alágbàtọ́ ẹ̀ sì ń tọ́jú ẹ̀ dáadáa. Ó kó sí wàhálà nílé ìwé, ẹ̀rù bà á pé wọ́n máa gbé òun kúrò lọ́dọ̀ obìnrin yẹn, ló bá sọ pé òun mọ nǹkan kan nípa ẹnì kan tí wọ́n pa. Prez, tíṣà ẹ̀, tó ti ṣọlọ́pàá rí, lọ bá àwọn tó mọ̀ nídìí iṣẹ́ kọ́mọ náà lè bọ́ sọ́wọ́ tó dáa. Ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ Carver gbà á. Carver fà á lé Herc, ọlọ́pàá bíi tiẹ̀, lọ́wọ́. Herc wá ń dẹ́rù ba ọmọ mìíì kíyẹn lè sọ̀rọ̀, ó jẹ́ kí orúkọ Randy bọ́ lẹ́nu òun. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, gbólóhùn kan. Kó tó pẹ́ gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé olófòófó ni Randy, wọ́n lù ú, Carver fi mọ́tò ọlọ́pàá ṣọ́ ilé wọn, wọ́n fi ìpè irọ́ tan mọ́tò yẹn kúrò níbẹ̀, wọ́n ju ìgò epo tí wọ́n ti tanná sí wọlé. Alágbàtọ́ ẹ̀ jóná, ọsibítù ni wọ́n gbé e lọ. Carver ní kí wọ́n jẹ́ kóun gba ọmọ náà tọ́, wọ́n ní ètò wà fún un, kò lè yá bẹ́ẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ ló wá fi mọ́tò gbé e lọ sílé táwọn ọmọ tí kò lẹ́ni ń gbé, ọmọ yẹn ló tún ń tù ú nínú pé ẹ ti gbìyànjú. Carver padà sínú mọ́tò, ó ń fọwọ́ gbá sitíárì.

Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo wò ó yìí ni mo tó rí ohun kan tó yẹ kí n ti rí tipẹ́. Bọ̀dá mi, tẹ́ ẹ bá dé lọ́jọ́ Sátidé, apá kìíní la máa bẹ̀rẹ̀, mo ti sọ fún ìyàwó mi. Níbì kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ọlọ́pàá mẹ́ta máa mutí yó, wọ́n á wọ àdúgbò àwọn tálákà láago méjì òru láìsí ẹni tó rán wọn, wọ́n á máa gbá àwọn èèyàn mú, ọ̀kan nínú wọn á fi ìdí ìbọn gbá ọmọkùnrin kan lójú, ojú yẹn á fọ́. Orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Prez, Carver àti Herc. Ẹ wo ojú wọn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn.