Velociraptor Kì Í Ṣe Aláǹgbá

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, níbi ọjọ́ìbí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi yọ ohun ìṣeré onírọ́bà kan jáde nínú báàgì, ó sì ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọdé pé Velociraptor nìyẹn, ẹranko ayé àtijọ́ tó ga ju àgbàlagbà ènìyàn lọ, tí ara rẹ̀ rí bí ti aláǹgbá. Mo ní, “Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ìyẹ́ ló bo ẹranko yẹn.” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní ṣé adìẹ ni mo fẹ́ sọ dáínósọ̀ dà ni. Kì í ṣe ẹnu wọn nìkan ni mo ti gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀, ó sì ti sú mi.

Egungun apá ẹranko náà fúnra rẹ̀ ló parí ẹjọ́ yìí. Ní ọdún 1998, wọ́n hú egungun Velociraptor kan ní aṣálẹ̀ Gobi, ní orílẹ̀-èdè Mongolia. Nígbà tí àwọn onímọ̀ nípa ẹranko ayé àtijọ́ mẹ́ta, Alan Turner, Peter Makovicky àti Mark Norell, yẹ egungun apá rẹ̀ wò fínnífínní, wọ́n rí kókó kéékèèké 6 tó tò tẹ̀ léra wọn lórí rẹ̀, tí àlàfo àárín ọ̀kan sí èkejì sì tó nǹkan bíi mìlímítà 4. Ní 2007 ni wọ́n tẹ àbájáde náà jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Irú kókó bẹ́ẹ̀ ni ìdí ìyẹ́ ńlá máa ń so mọ́ lára egungun ìyẹ́-apá ẹyẹ, àwọn onímọ̀ náà sì ṣírò rẹ̀ pé irú ìyẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ tó 14 ló wà níbẹ̀.

Kí ẹni tó bá fẹ́ jiyàn lọ ra tòlótòló. Ní Kérésìmesì tó kọjá, èmi fúnra mi ni mo tu ìyẹ́ tòlótòló tí a pa nílé wa. Omi gbígbóná tú ìyẹ́ àyà àti ti ẹ̀yìn wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n àwọn gìrìwò tó wà ní apá kò gbà. Ẹ̀mú ni mo fi fà wọ́n yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a jẹ ẹran náà tán, mo fi ọ̀bẹ họ egungun tó nípọn jù nínú méjì tó wà nísàlẹ̀ ìgúnpá, mo sì fi èékánná àtàǹpàkò wọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀: ó ń kọ́ mi lọ́wọ́ bí eyín òòyà tó ti jẹ. Ojú ibi tí àwọn ìyẹ́ olóríkunkun yẹn dì mú nìyẹn. Ẹ lè họ egungun aláǹgbá títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ẹ kò ní rí irú rẹ̀.

Àwọn ìbátan Velociraptor náà tún wà. Ní agbègbè Liaoning ní ilẹ̀ Ṣáínà, níbi tí ẹrẹ̀ adágún àti eérú òkè ayọnáyèéfín ti bo òkú ẹran mọ́lẹ̀ kíákíá, wọ́n rí Microraptor àti Zhenyuanlong tí àmì ìyẹ́ wọn ṣì hàn gbangba yí egungun wọn ká. Mo gbà pé kò sí ẹni tó tíì rí ìyẹ́ Velociraptor gan-an, nítorí iyanrìn Gobi kì í tọ́jú irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí ihò ìṣó lára ògiri kò ní láti rí ìṣó kó tó gbà pé wọ́n kàn án.

Ní ti gíga rẹ̀, fíìmù Jurassic Park ti ọdún 1993 ló kó àwọn ènìyàn ṣìnà. Deinonychus, dáínósọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan tó tóbi jù ú lọ dáadáa, ni wọ́n wò ṣe ẹranko tí wọ́n pè ní Velociraptor nínú fíìmù náà, wọ́n sì tún fẹ̀ ẹ́ sí i. Velociraptor gidi kò ga ju ìdajì mítà lọ ní ìbàdí, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì ju kìlógíráàmù 15 sí 20 lọ, bíi ti akọ tòlótòló tó sanra. Àwọn tó ń sọ pé ẹran tí kò lè fò kò nílò ìyẹ́ kò tíì rí ògòǹgò nìyẹn.

Ẹran tó ń pa ẹran jẹ ni Velociraptor o, n kò jiyàn ìyẹn. Ní 1971, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Poland àti Mongolia rí egungun Velociraptor kan àti ti Protoceratops kan, dáínósọ̀ tó ń jẹ ewéko, ní Gobi, tí ikú ká mọ́ ẹnu ìjà ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù 70 ọdún sẹ́yìn. Èékánná ẹsẹ̀ Velociraptor náà, èyí tó tẹ̀ bíi dòjé, wà lọ́rùn Protoceratops. Protoceratops náà sì fi ẹnu há apá ọ̀tún rẹ̀, kò jù ú sílẹ̀ títí iyanrìn fi bo àwọn méjèèjì. Apá tó há sí i lẹ́nu yẹn, apá oníyẹ̀ẹ́ ni.